Lẹ́búlẹ́bú tí A Wọ̀n ní Tútù

Ọkùnrin kan wà ní láàbù ilé ìwòsàn kan, tó ń ṣe lẹ́búlẹ́bú láti ara irin ọ̀wọ́n tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀. Hóró rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan. Bí wọ́n bá da gíráàmù mẹ́wàá rẹ̀ sínú omi tí májèlé aró aṣọ ti bà jẹ́, á fọ́ májèlé náà túútúú, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní parun. Wọ́n á sẹ́ ẹ kúrò nínú omi, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n bóyá ó ṣì pé, wọ́n á tún lò ó. Omi yẹn ni àwọn aboyún ń mu.

Òfin kan ni ọ̀gá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́: “Yan án nínú ààrò kó gbẹ kí o tó wọ̀n ọ́n. Bí kò bá pé, omi yẹn kò gbọdọ̀ jáde.”

Wákàtí mẹ́fà ló fi ń gbẹ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń pariwo omi láti wọ́ọ̀dù àwọn aboyún. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ó fi ìkánjú wọ̀n ọ́n ní tútù. Gíráàmù mẹ́wàá, ó pé. Láti ọjọ́ náà kò yan án mọ́, ojoojúmọ́ ló sì ń pé.

Ní oṣù kẹta sí ìgbà náà, wọ́n dá ìyàwó rẹ̀ tó lóyún dúró sí wọ́ọ̀dù yẹn. Ó ti lẹ́búlẹ́bú bọ ààrò, ó jókòó tì í, ó ń làágùn. Nígbà tó gbẹ, gíráàmù mẹ́fà ló kù. Omi tó rọ̀ mọ́ ọn ló ti ń dí àlàfo rẹ̀ látijọ́. Mẹ́rin ti bá omi mímu lọ.

Ó sáré dé wọ́ọ̀dù. Kọ́ọ̀bù òfìfo wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

“Ọkọ mi, kí ló ń lé yín? Omi yín mà dùn.”

Má bi mí bóyá ó ṣe ọmọ inú rẹ̀ ní nǹkan. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rin, bàbá rẹ̀ kò tíì mọ̀. Bí ọmọ náà bá wúkọ́ lásán, bàbá á sáré wá gbé etí lé e láyà.

Arákùnrin mi, o ní irọ́ ráńpẹ́ tí ò ń pa níbi iṣẹ́ kò yọ nǹkan kan lára rẹ, pé bí o ṣe wà lo ṣe wà. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ. Ní tútù lo ti ń wọn ara rẹ. Lọ jókòó ti ààrò. Ohun tó ti jò kúrò lára rẹ kò sọnù, àwọn ọmọ rẹ ti ń mu ún.