Ìdí Tí Òwú Alántakùn Fi Ń Lẹ̀ Mọ́ Ara

Nígbà láéláé, òwú alántakùn kì í lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ni. Alántakùn ta á láti igi dé igi, gbogbo ará igbó sì ń gba orí rẹ̀ lọ jẹ́ iṣẹ́ fún ara wọn.

Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ó kọ́ gbogbo wọn ní kókó kan tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ onílé nìkan ló lè ta kókó ilé rẹ̀, onílé nìkan ló sì ń tú fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Eèrà sáré wá, ó fi ẹnu kan etí Alántakùn.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n pariwo. Kókó yín ní àléébù. Bí àlejò bá fà á láti ìsàlẹ̀, ó ń tú."

Alántakùn dán an wò. Kókó tú. Ó yíjú sí Eèrà.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan. Bí a bá sọ ọ́ síta kí gbogbo ilé tó tún tiwọn ta, Ejò tó ń jí ẹyin jẹ á gbọ́."

Alántakùn jókòó, ó wá kókó tuntun títí tó fi rí èyí tó yi. Ó wá ń lọ láti ilé dé ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ti àtijọ́, ẹ ta èyí. Ẹ má tíì bèèrè ìdí. Ẹni tó bá ta tirẹ̀ tán, kó bá mi dé ilé kejì. Igbó ti pọ̀ jù fún ẹsẹ̀ mi."

"Ẹsẹ̀ mẹ́jọ náà kò tó ọ?" Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo ta òwú, ìwọ ni kí o tún un ṣe!"

Ìyá Àdàbà kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sàba lórí ẹyin méjì.

"Bàbá, bí mo bá dìde, ẹyin mi á tutù. Ẹ jẹ́ ó di ọ̀la."

"Ẹ jọ̀ọ́, lónìí ni."

"Ọ̀la, Bàbá. Mo ṣèlérí."

Ẹga ní tirẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ọn. "Sọ ìdí fún mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní fọwọ́ kàn án!"

Ó ti rẹ Alántakùn. Ó sọ ìdí fún un.

Ẹga ta kókó tirẹ̀ tán, ó fò lọ sórí ọ̀pẹ. "Ará igbó, ẹ gbọ́ o! Ẹ tú kókó àtijọ́ o! Bí wọ́n bá fà á láti ìsàlẹ̀, ó ń tú o!"

Ó rò pé oore lòun ń ṣe. Ṣùgbọ́n Ejò ká jọ sí ìdí ọ̀pẹ náà. Ìyá Àdàbà sì ti lọ mu omi lódò.

Nígbà tó padà dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìtẹ́ ṣófo.

Gbogbo igbó pé jọ. "Òwú Alántakùn ló pa ẹyin Àdàbà!"

Eèrà bọ́ sí àárín wọn. "Ta ni nínú yín tó bá a fa òwú kan ṣoṣo rí? Gbogbo yín lẹ rìn lórí rẹ̀. Ó bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun dé ilé kejì. Ta ló lọ?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wo ìrù ara rẹ̀.

Alántakùn kò gbèjà ara rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àdàbà, ẹ foríjì mí. N kò mú sùúrù tó, mo sọ ìdí fún Ẹga."

"Mo dìde nítorí omi, Bàbá," ni Àdàbà wí. "N kò dìde nítorí kókó."

Alántakùn ká gbogbo ọ̀nà rẹ̀ kúrò láàárín igi. Ó lọ sí kọ̀rọ̀ ilé, ó sì fi oje igi tó ń lẹ̀ pa òwú tó kù, kí ẹnikẹ́ni má bàa rìn lórí rẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni òwú alántakùn ti ń lẹ̀ mọ́ ohun tó bá fara kàn án. Òun nìkan ló ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Eṣinṣin kéékèèké tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì ń mú. Kò mú Ejò rí.

Ẹ̀yin ọmọ, bí fóònù ilé yín bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ jẹ́ kí òun tún ara òun ṣe, kí olè má bàa rí àyè wọ inú òun, tí ẹnìkan sì fẹ́ sọ pé ó di ọ̀la, ẹ tẹ́tí sí igi ẹ̀yìnkùlé. Àdàbà ṣì ń ké níbẹ̀: "Ọ̀la, ọ̀la, mo ní ọ̀la."