Nọ́ọ̀tì Tí Ṣúáíbù Kò Fún Lókè

"A kì í fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mọ́tò pa lókè, ìgbà tó bá tẹlẹ̀ ni." Bí ẹ bá ti jókòó ti àwọn àgbà Òkè-Ìrókò rí, ẹ ó ti gbọ́ ọ. Wọ́n ń fi í làjà, wọ́n ń fi í bá àna sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń pa á bóyá wọ́n mọ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn jogún òwe, wọn kò jogún ìtàn. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ fara balẹ̀ nígbà náà.

Atọ́kọ̀ṣe kan wà tó ń jẹ́ Ṣúáíbù. Kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, kì í tún iná ọkọ̀ ṣe. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni tirẹ̀: ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì, àti rọ́bà kékeré tó ń jókòó láàárín irin àti irin kí wọ́n má baà máa jẹ ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní búṣì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Ṣúáíbù Ẹlẹ́sẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti yà kúrò ní títì wọ ọgbà rẹ̀, kó tó dúró, etí Ṣúáíbù á ti mú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ká sòótọ́, ọ̀gá ni. Òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n díẹ̀ jù.

Òfin kan wà tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì bí nọ́ọ̀tì kan bá ṣì dẹ̀. Ọ̀gá náà ní ìdí. Táyà ọkọ̀ kan ti fò yọ lójú rẹ̀ rí nítorí nọ́ọ̀tì tí wọ́n gbàgbé, Ọlọ́run ló yọ awakọ̀. Láti ọjọ́ náà, nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì wà lókè ni wọ́n ti ń fún gbogbo nọ́ọ̀tì títí yóò fi ké. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Ṣúáíbù fi pa òfin yìí mọ́.

Ọkọ̀ tó wá dán an wò ni Píjò 404 aláwọ̀ eérú ti olóògbé Hẹ́dímásítà Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ ò bá rí ọkọ̀ náà! Ó ti lé ní ogójì ọdún, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń dán, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé jẹ́ẹ́. Òun ni wọ́n fi gbé ọmọ márààrùn-ún wálé láti ilé ìgbẹ̀bí. Òun ni Bàbá wọ̀ lọ sí ọsibítù tí kò ti bọ̀ mọ́. Ìyá Oyèdélé, opó rẹ̀, kò mọ ọkọ̀ wà. Oyèdélé, àkọ́bí rẹ̀, ló máa ń wà á bó bá ti Ìbàdàn wálé. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá ti jókòó sí iwájú, yóò fọwọ́ pa ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé fìlà lé, ara rẹ̀ á sì balẹ̀.

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe ọkọ̀ náà. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń dún, kó-kó-kó, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ṣúáíbù pààrọ̀ búṣì rẹ̀, ó dákẹ́. Kò pé oṣù mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ṣọ́ọ̀kì tuntun kún un, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Oyèdélé kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Ṣúáíbù, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan yìí sí i. Bí mo bá wálé ọdún iṣu tuntun tó bá tún dún, àwọn onírin àlòkù ni màá pè kí wọ́n wá gé e. Màá wá ọkọ̀ mìíràn fún Màmá."

Màmá yíjú sí ọkọ̀ náà. Ojú yẹn dun Ṣúáíbù ju ọ̀rọ̀ Oyèdélé lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá, Màmá bá a wá, ó ní òun kò lọ síbì kan títí wọ́n á fi ṣe é tán. Wọ́n gbé àga fún un sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ṣúáíbù fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó yọ búṣì. Rọ́bà náà kò tíì gbó, ṣùgbọ́n ó ti ya yíká, bí ìgbà tí ẹnì kan lọ́ ọ títí tó fi já. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Ó fi tuntun sí i, ó mú sípánà, ó múra láti fún un.

"Ṣúáíbù," ni Màmá pè é, "ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí mà ń rọ̀ dirodiro. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí bó bá ń rìn?"

"Rárá, Màmá. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ á ká sókè, á wá gbé ara ọkọ̀."

"Kí ló dé tí o fẹ́ dè é pa kó tó gbé e?"

Ṣúáíbù rẹ́rìn-ín. "Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn, Màmá. Ẹ fi tiyín sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi."

"Ó dáa. Tèmi ni kí n sọ fún ọ. Ọmọ márùn-ún ni mo pọ̀n, mo sì pọn ọmọ-ọmọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé ọmọ sẹ́yìn, màá fi ìró bò ó, màá fi ọ̀já gbá a mọ́ra. N kò ní tíì so ó le. Màá nàró, màá gbọn ọmọ sókè kó jókòó dáadáa, ìgbà yẹn ni màá tó so ọ̀já. Ìyàwó tuntun tó bá so ó le níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, bó bá nàró, ọ̀já á lọ́ mọ́ ọmọ lára. Ọmọ á ké dé oko."

Ṣúáíbù wo rọ́bà tó ya lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó rọ̀. Bí òun bá fún nọ́ọ̀tì báyìí, irin á di rọ́bà mú bó ṣe wà lókè. Bí ọkọ̀ bá wá jókòó, rọ́bà á lọ́, á sì wà ní lílọ́ tọ̀sán-tòru títí á fi ya. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ya á láti ọjọ́ yìí, pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́ tí wọ́n fi ń yìn ín.

Ó fi ìka lásán yí nọ́ọ̀tì náà mọ́ ọn. Ó ní "Bísímílá," ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó dẹ̀. Ẹ̀rù bà á, n kò ní purọ́ fún yín. Òun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ rọra ti ọkọ̀ sórí kòtò tí wọ́n ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Ó bẹ Màmá kó wọ ìjókòó rẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ iwájú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí obìnrin tó ń gbọn ọmọ lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ló tó wọ inú kòtò lọ fún nọ́ọ̀tì. Nítorí ọ̀gá rẹ̀, ó yẹ gbogbo wọn wò lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù márùn-ún kọjá kí ọdún iṣu tó dé. Lọ́jọ́ náà, Ṣúáíbù dúró sẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Píjò náà yọ lókè, ó wọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà, ó ń bọ̀. Ṣúáíbù na etí, etí tí kì í tàn án. Kò gbọ́ ohunkóhun àfi yanrìn lábẹ́ táyà. Ọkọ̀ dúró. Oyèdélé sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣúáíbù ti kọjá lára rẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku níwájú Màmá.

"Ọ̀gá mi kejì rèé," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Màmá ṣì jókòó sínú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tí fìlà máa ń wà. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ onírin àlòkù.

Ṣúáíbù ì bá fi àṣírí náà pa mọ́, kí ìyìn lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìde nínú ìpàdé àwọn atọ́kọ̀ṣe, ó sọ àṣìṣe ọdún mẹ́tàlélógún, ó sì sọ ẹni tó là á lójú. Ibẹ̀ ni òwe náà ti bọ́ sẹ́nu ìlú.

Ìgbà tí ẹ ó gbọ́ ọ jù ni ìgbà tí àwọn òbí bá fẹ́ fi òfin de tọkọtaya tí kò tíì bára wọn gbé fún oṣù kan, tàbí tí ẹnì kan bá ń búra bí òun yóò ṣe tọ́ ọmọ tí kò tíì bí. Àwọn àgbà á ní, "Ẹ dẹwọ́. A kì í fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mọ́tò pa lókè. Ìgbà tó bá tẹlẹ̀ ni." Wọn kò ní kí ẹ má fún un o. Wọ́n ní kó gbé ẹrù rẹ̀ ná, kí ẹ wo bó ṣe jókòó.