Ikú Tí Kò Bá Àrùn Lọ

Awo Ìloro àti Awo Ẹnu-Ọ̀nà ni wọ́n dífá fún Oyèkàn, Baálẹ̀ Ìdí-Apá, nígbà tí àrùn kúrò nílùú ṣùgbọ́n tí ikú kò bá a lọ.

Àjàkálẹ̀ àrùn náà ti jà tán. Kò sí ẹni tí ó tún ń kó o mọ́. Síbẹ̀, sàréè tí wọ́n ń gbẹ́ pọ̀ ju ti ìgbà tí àrùn kò tíì dé lọ. Aboyún ń kú lórí ìkúnlẹ̀. Egbò ẹsẹ̀ ń pa géńdé. Arúgbó ń kú, ará ilé kejì kò sì mọ̀. Dúróoríkẹ́ nìkan ni ọmọ tí ó ṣẹ́kù fún Oyèkàn. Ó lóyún, oṣù rẹ̀ sì ti ń pé lọ.

Àwọn awo sọ fún Baálẹ̀ pé àrùn ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí ará ìlú tì nítorí rẹ̀ ni wọn kò tíì ṣí. Nígbà àrùn, olúkúlùkù ta màrìwò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí àlejò má baà wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sí fún ara wọn. Òfin náà dára nígbà náà. Àrùn lọ tán, wọn kò pa á tì.

Wọ́n ní kí Oyèkàn fi ewúrẹ́, iṣu àti epo rúbọ. Kí ó sè é, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọ ilé gbogbo, kí ó sì rí ojú ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀.

Oyèkàn pa ewúrẹ́, ó se iṣu. Ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ìránṣẹ́ gbé e sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ajá jẹ ẹ́. Oúnjẹ ṣòfò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyàwó amọ̀kòkò kú lórí ìkúnlẹ̀. Baálẹ̀ wá ń sọ pé Ifá purọ́ fún òun.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wò ó. “Baba Dúróoríkẹ́, ṣé ajá ni wọ́n ní kí ẹ bọ́?”

“Ẹ̀rù ló ń bà mí.”

“Ó ń ba gbogbo wa. Ẹ dìde.”

Oyèkàn tún oúnjẹ sè. Ó gbé abọ́ rù, ó ń wọ ilé dé ilé. Ó dé ilé kan tí gbogbo ìlú rò pé ó ti dahoro. Ó gé màrìwò, ó wọlé. Ìyá Olúgbódi, àgbẹ̀bí ìlú, ló bá lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

“Wọ́n ní ẹ ti kú, Ìyá.”

“Ta ló wá wò mí? Ẹ gbé abọ́ yẹn súnmọ́ mi kí ẹ tó máa sunkún. Ebi ń pa mí.”

Ó jẹun. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi oògùn sí i. Kò tíì lè rìn nígbà tí Dúróoríkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Wọ́n gbé Ìyá Olúgbódi lọ bá a. Ẹsẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ yọ. Ìyá Olúgbódi mọ bí a ti í gbà á. Ọmọ yè, ìyá ọmọ yè.

Láti ọjọ́ náà, ará Ìdí-Apá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ ara wọn. Ikú kò tán láyé, ṣùgbọ́n ó padà sí ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀. Oyèkàn gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ dúpẹ́ lọ́dọ̀ àwọn awo, àwọn awo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá.

Ifá ní kí ẹni tí a bá yan ẹbọ fún má ṣe dá a sí méjì. Ẹni tí ó pa ewúrẹ́ tí kò gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀, kò tíì rúbọ. Oyèkàn rú u pé. Ìyẹn ni ọmọ rẹ̀ fi wà láàyè.