Ìjàpá Tó Ń Ṣọ́ Ihò Ẹ̀yìn

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi. Adéṣínà, pa kọ̀ǹpútà yẹn dé. Mo gbọ́ pé o ti ra ẹ̀ṣọ́ sí i lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí o kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, o sì ti gbà kí wọ́n máa tú gbogbo inú rẹ̀ wò tọ̀sán-tòru, kí olè má baà wọlé. O káre. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ kó gbọ́ eléyìí. Àlọ́ mi yí gbiri, ó kọlu Ìjàpá, ó wá dúró sẹ́nu ihò Òkété.

Ní ìgbà kan rí, Òkété àti ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ mẹ́rin. Ojú wọn kò tíì là. Ẹ mọ̀ pé ihò Òkété máa ń ní ẹnu méjì. Ọ̀kan wà ní gbangba. Èkejì ni ihò ẹ̀yìn, ewé ló bò ó. Bí ọ̀tá bá gba iwájú wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà sá jáde. Èèwọ̀ ni kí Òkété fi í han ẹnikẹ́ni. Àna rẹ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìjàpá ní tirẹ̀ kò gbẹ́ ihò rí láyé rẹ̀. Ẹ̀pà àwọn tó ń gbẹ́ ihò ló wọ̀ ọ́ lójú. Ó rí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ létí odò, ó gbé e, ó lọ tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà Òkété ní ìdájí. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, òun náà ló kọ́kọ́ débẹ̀.

"Òkété, ọ̀rẹ́ mi, ṣé àlàáfíà lẹ jí? Ejò ti ń wá yín kiri. Wo awọ rẹ̀ nílẹ̀."

Òkété fò sẹ́yìn. "Báwo ni ká ti ṣe é?"

"Èmi mo mọ ejò tinú tẹ̀yìn. Eyín rẹ̀ ò ran ẹ̀yìn mi. Màá bá ọ ṣọ́ ilé. Ẹ̀pà díẹ̀ lọ́jọọjọ́ ọjà ni owó iṣẹ́ mi. Kìkì pé kó o fi ihò ẹ̀yìn hàn mí."

"Ihò ẹ̀yìn kẹ̀? Èèwọ̀ ni."

"Ṣé ibi tí n ò mọ̀ ni n ó ṣọ́?"

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe dùn lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Òkété, tó ń gbé ihò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, ẹni tó ní òun ó dá aṣọ fún ọ, tọrùn rẹ̀ là á wò. Ta ló ń ṣọ́ Ìjàpá?"

Òkété rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ayé tiyín ti lọ. Ìjàpá mọṣẹ́." Ó mú Ìjàpá lọ sídìí ihò ẹ̀yìn. Òmùgọ̀ gbáà. Kò tiẹ̀ bi í pé ejò wo ló ti lé lọ rí.

Ìjàpá ká awọ ejò rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà Ẹmọ́. Ó tún gbé e dé ti Ehoro. Awọ kan náà ni o. Kálukú fi ihò ẹ̀yìn hàn án, wọ́n tún ń fi í yangàn lọ́jà: "Èmi náà ti gba Ìjàpá." Bí ẹ bá kó ọgbọ́n gbogbo wọn jọ, kò kún ṣíbí.

Ẹ̀pà ń wọlé, Ìjàpá ń sanra. Nígbà tó yá, rírìn kiri sú u. Ó pè wọ́n jọ. "Ìṣọ́ tuntun dé. Ẹ já gbogbo ihò ẹ̀yìn yín pọ̀ mọ́ra, kí wọ́n ní ẹnu kan ṣoṣo. Èmi á jókòó síbẹ̀. Ejò ò ní ríbi wọlé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ìyá Òkété nìkan ló ní tòun ò ní já síbẹ̀. Wọ́n ní arúgbó ló ń dà á láàmú.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ọdẹ kan wọ igbó tòun tajá. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fín òkété: wọ́n á ki koríko sẹ́nu ihò, wọ́n á tanná sí i, wọ́n á fẹ́ èéfín wọlé. Èéfín kún ilé Òkété. Ó gba ọ̀nà tí wọ́n já pọ̀, ó wọ ilé Ẹmọ́, ó wọ ti Ehoro. Ajá ń gbó kiri ẹnu ọ̀nà iwájú wọn, gbogbo wọn bá sá lọ síbi ẹnu kan ṣoṣo yẹn.

Òkété gbé ọmọ méjì, ìyàwó rẹ̀ gbé méjì. "Ìjàpá, kúrò lọ́nà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Nǹkan kan ò lè gba ibí wọlé."

"Àwa la fẹ́ jáde."

Ìjàpá ti ara títí, kò lọ. Ó ti há. Ẹ̀pà tí wọ́n fi ń sanwó iṣẹ́ ló sọ ọ́ di ìdérí mọ́ wọn lórí.

Àwọn ọmọ ń wúkọ́. Òkété yí padà, ó dojú kọ ògiri tó wà níhà ilé ìyá rẹ̀, ó ń fi èékánná gbẹ́ ẹ, ó ń sunkún. Ìyá rẹ̀ ti gbóòórùn èéfín, òun náà ń gbẹ́ bọ̀ láti inú. Ògiri ya. Gbogbo wọn wọ́ kọjá, wọ́n gba ihò ẹ̀yìn ìyá arúgbó jáde sínú igbó. Ìgbà tí wọ́n dé abẹ́ ewé ni Òkété wo ọwọ́ ara rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ kò mí mọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọdẹ fi fa Ìjàpá yọ, tó fẹ́ sọ ọ́ sápò. Ìjàpá ní, "Ọdẹ, má pa mí. Mo mọ ihò ẹ̀yìn gbogbo ẹranko igbó yìí. Èmi nìkan ni wọ́n fi hàn. Màá mú ọ débẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Òkété gbọ́ ọ. Ó gbé òkú ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà.

Ọdẹ tẹ̀ lé Ìjàpá. Wọ́n dé ilé Ẹmọ́, ó ṣófo. Wọ́n dé ti Ehoro, bákan náà. Ọdẹ ní, "O mọ ọ̀nà, o ò mọ ẹran." Ìjàpá ló sè jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí o bá fi àṣírí ilé rẹ hàn ti di onílé pẹ̀lú rẹ, ó sì lè tà á. Mi ò ní kí ẹ má gba ẹ̀ṣọ́. Ejò wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, ẹ̀rù yín ni oúnjẹ wọn, ẹ sì ń bu ẹ̀pà fún wọn láìbi wọ́n léèrè ohunkóhun. Ìtìjú ńlá ni. Adéṣínà, kó o tó sùn, wádìí àwọn tó ń ṣọ́ ọ.