Páálí Tí Ìyá Alásè Kọ̀

Ọkùnrin Júù kan wà nílùú olótùútù kan lókè òkun, tó jẹ́ pé tí àjọ Ìrékọjá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan báyìí, ara rẹ̀ kì í gbélẹ̀ mọ́. Kì í ṣe torí oúnjẹ àjọ náà o. Òun ni olórí ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn aláìní láàárín àwọn Júù ìlú náà, iṣẹ́ ẹgbẹ́ yẹn ò sì kéré. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún arúgbó, wọ́n ń bẹ aláìsàn wò, wọ́n ń wá ilé fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, wọ́n ń ra aṣọ ìgbéyàwó fún ọmọ tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá. Ṣùgbọ́n nígbà Ìrékọjá ni iṣẹ́ ń di iṣẹ́ gan-an, nítorí Júù kankan ò gbọ́dọ̀ jókòó sílé lálẹ́ ọjọ́ náà láìsí àkàrà aláìwú àti wáìnì níwájú rẹ̀. Ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ tálákà, dandan ni.

Ká ní o dé gbọ̀ngàn wọn lọ́sẹ̀ náà, ìwọ náà á ká apá aṣọ rẹ sókè. Irinwó páálí ni wọ́n tò sílẹ̀ gbọọrọ. Dókítà ń di ọ̀dùnkún sí páálí, lọ́yà ń ru igo wáìnì léjìká, àwọn obìnrin ń se ẹyin nínú ìkòkò tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ ń sáré láti orígun kan dé èkejì, ó ń pàṣẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ka páálí, ó ń gbàgbé iye tó kà, ó tún ń kà á lákọ̀tun. Kò jẹun àárọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ò jẹun.

Wọ́n wá ní àṣà kan tó wù mí púpọ̀. Ẹni tó bá gbé páálí lọ sílé ẹnì kan kì í dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Á rọra gbé e kalẹ̀, á kan ilẹ̀kùn, á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ojú má baà ti ẹni tó ń gbà á. Ọkùnrin wa yìí mọ̀ ọ́n sá púpọ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gbé páálí kiri, kò tíì sí ẹni tó bá a lẹ́nu ọ̀nà rí, ó sì ń fi èyí yangàn díẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àjọ máa wọlé, páálí méjì péré ló kù. Ilé kan náà ni méjèèjì ń lọ, ilé alájà márùn-ún kan. Ọ̀kan jẹ́ ti àjà kẹta, èkejì jẹ́ ti àjà karùn-ún. Ó ní kí àwọn yòókù máa lọ sílé lọ múra, òun á gbé méjèèjì. Oòrùn ò ní pẹ́ wọ̀, tí oòrùn bá sì ti wọ̀, àjọ ti wọlé nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tún gbọ́dọ̀ wa mọ́tò. Ọkùnrin náà to páálí léra, ó ń fo àtẹ̀gùn méjì méjì, àfi bíi pé òun ni wọ́n ń gbé oúnjẹ bọ̀ wá fún.

Ìyá arúgbó kan ló ń gbé ní àjà kẹta. Ogójì ọdún ni ìyá náà fi ṣe alásè ní ilé ìwé àwọn ọmọ wọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì wà nílẹ̀ mìíràn. Ọkùnrin náà gbé páálí kalẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè kó kanlẹ̀kùn. Kó tó kàn án, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ìyá náà ti dúró sẹ́yìn rẹ̀ láti ọ̀sán.

“Ọmọ mi, ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ. Mo ní kí n rí ojú rẹ lónìí.”

Ó kí ìyá kú ọdún. Ìyá ní òun ò ní dá a dúró, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu òun. Òun gbọ́ pé ẹyin ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ń sè ní gbọ̀ngàn. Ẹsẹ̀ ń dun òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ṣe ọwọ́ òun. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun níṣẹ́ kan láàárín wọn, kódà kó jẹ́ ọ̀dùnkún ni òun á máa bó.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Inú rere ló fi rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló sì ba nǹkan jẹ́. Ó ní, “Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó láyé yín. Iṣẹ́ tiyín báyìí ni kí ẹ jókòó, kí ẹ máa gbà.”

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé páálí náà fúnra rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́ padà. Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà gbọ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yí.

Wàá ní kí ló bí ìyá nínú. Jẹ́ kí n sọ fún ọ. Òfin àwọn Júù ni pé gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ fúnni ní nǹkan, títí kan ẹni tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fún un ló ń jẹ. Tálákà wọn pàápàá ò gbọ́dọ̀ yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ òfin náà bí ẹní mowó, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ṣe é láàánú débi pé òun ọkùnrin náà yọ̀ǹda ìyá kúrò nínú òfin Ọlọ́run, láìjẹ́ pé Ọlọ́run rán an.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. “Màmá, Ìrékọjá ni lónìí. Kí lẹ máa jẹ?”

“Omi ń bẹ níbí.”

Ẹ̀rù bà á, nítorí ó ti rí inú ilé fìrí kí ìyá tó tilẹ̀kùn. Ìyá ti kó gbogbo ohun tó ní ìwúkàrà dà nù bí òfin wọn ti wí, ó ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kò sì sí nǹkan kan lórí aṣọ náà. Ó tún bẹ̀ ẹ́. Ohùn ìyá wá jáde láti inú, kò le, kò sì rọ̀.

“Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbà, tí mo ń dúpẹ́. Mo rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tẹ́ ẹ máa pè mí, kí èmi náà wá ṣe tèmi. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti pa orúkọ mi rẹ́ nínú àwọn tó lè fúnni. Gbé e fún ẹlòmíì.”

Ọ̀rọ̀ yìí gún un débi eegun. Irinwó páálí ló ti kúrò ní gbọ̀ngàn, páálí kan ṣoṣo yìí ló sì wá sọ gbogbo ayọ̀ ọ̀sẹ̀ náà di omi lójú rẹ̀. Tó bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ìyá ò ní ṣílẹ̀kùn. Tó bá gbé e lọ, arúgbó kan máa jókòó ti tábìlì òfìfo lálẹ́ àjọ, òun gan-an ló sì ṣe é. Kò mọ èyí tó máa ṣe. Ó ru méjèèjì, ó ń gòkè lọ, kò fo àtẹ̀gùn mọ́.

Ní àjà karùn-ún, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí díẹ̀, ọmọ ọwọ́ ń ké nínú ilé. Kò tíì ráyè kànlẹ̀kùn rárá. Òórùn nǹkan tó ń jóná ló gbọ́. Ó wọlé, ó gbé páálí méjèèjì kalẹ̀, ó pa iná tó wà lábẹ́ ìkòkò. Obìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jókòó sílẹ̀, ó gbé ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá mọ́ra, ìyá ń sunkún, ọmọ ń sunkún. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò tíì lo oṣù méjì nílùú náà. Àná ni wọ́n gbé ọkọ lọ sí ọsibítù. Níbi tí wọ́n ti tọ́ obìnrin náà dàgbà, wọn kì í jẹ́ kí Júù ṣe àjọ, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ tábìlì Ìrékọjá rárá.

Obìnrin náà ní, “Mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ ṣe.”

Ọkùnrin náà wo páálí tó gbé wá. Àkàrà wà níbẹ̀, wáìnì wà níbẹ̀, ẹja àti ẹyin wà níbẹ̀. Ènìyàn ni kò sí níbẹ̀. Ilé tirẹ̀ jìnnà; tó bá fi mọ́tò gbé ọlọ́mọ tuntun lọ síbẹ̀, kò ní lè fi gbé e padà lálẹ́ àjọ, ọlọ́mọ ò sì lè fẹsẹ̀ rìn ín nínú òtútù. Ó tẹ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ láago. Ọ̀kan ní àlejò mẹ́rìnlá, ọ̀kan ń gbé lẹ́yìn odò, ẹ̀kẹta ò gbé e. Ó gba ọmọ náà mọ́ra bóyá á dákẹ́, ọmọ wá figbe bọnu. Oòrùn ti ń pọ́n lójú fèrèsé.

Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Àjà méjì péré ló wà láàárín! Ó gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn ìyá alásè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó kànlẹ̀kùn tán, kò sá.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Mo ti ní mi ò gbà á.”

“Màmá, mi ò gbé nǹkan kan wá. Mo wá tọrọ ni.”

Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sọ bí nǹkan ṣe rí lókè lọ́hùn-ún, ó sọ ti ọmọ, ó sọ ti ọkọ tó wà ní ọsibítù, ó sọ ti obìnrin tí kò rí tábìlì Ìrékọjá rí. Ó ní, “Tí ẹ ò bá wá, kò sẹ́ni tó máa wá. Mo ti wá ènìyàn títí, mi ò rí.” Òótọ́ ni, ìyá náà sì gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé òótọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ yí.

Ìyá ti ń so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí kó tó yọjú. “Ọjọ́ mélòó lọmọ náà?”

“Mọ́kànlá.”

“Ó ti mu ọmú?”

“Mi ò mọ̀.”

“Kí lo wá mọ̀?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tomijé tomijé. Àtẹ̀gùn àjà méjì yẹn, ìyá sinmi lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kọ̀ kí wọ́n di òun lápá mú. Àga ìtìsẹ̀ rẹ̀ ló ní kí olórí ẹgbẹ́ gbé tẹ̀lé òun. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó gba ọmọ, ó gbé e kọ́ èjìká, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ọmọ náà gùnfẹ̀, ó sùn lọ. Ìyá ní kí ọlọ́mọ lọ bọ́jú. Ó yíjú sí olórí ẹgbẹ́ tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, ó ní, “Ìwọ, má dúró síbẹ̀ máa wò mí. Tú páálí.”

Ó tú páálí méjèèjì sórí tábìlì kan. Bó ṣe ń jáde lọ, ó gbọ́ tí obìnrin kékeré náà ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń jẹ ewébẹ̀ kíkorò lálẹ́ yìí, ìyá alásè sì fà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un. Ọkùnrin náà sáré délé kí oòrùn tó wọ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá alásè ló di ọ̀gá níbi ìkòkò ẹyin ní gbọ̀ngàn wọn, ó sì ń lé olórí ẹgbẹ́ jáde nílé ìdáná.

Ó dáa, ọmọ mi, mo ti rí i pé o ń wò mí bákan. Ìwọ náà ni mò ń bá wí. Ọdún kan gbáko lo ti ń gbé gàrí àti òróró lọ fún Bàbá Télọ̀, o ṣeun, Ọlọ́run á san án fún ọ. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe nígbà tí Bàbá ní kí ẹ kó aṣọ ẹgbẹ́ akọrin tó ya wá, kí òun bá yín rán an. O fọwọ́ gbá a léjìká, o rẹ́rìn-ín, o ní kí Bàbá lọ sinmi. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta rèé, a ò rí Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gàrí tó o gbé lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lo padà bá a, kò gbé e wọlé, o wá jókòó síwájú mi, o ń pè é ní aláìmoore. Kì í ṣe aláìmoore. Ohun tó o gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ju gbogbo gàrí tó o fún un lọ.

Dìde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ọdún Àjíǹde pé, aṣọ akọrin méjìdínlógún ló ya, kò sì sí télọ̀ tó ń gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílùú yìí. Kó aṣọ náà lọ bá Bàbá. Má gbé gàrí dání. Tó bá bi ọ́ pé ṣé ẹ ò rí ẹlòmíì ni, sọ fún un pé a ò rí, nítorí a ò rí.