Omi Tí Ìyá Òkété Bù fún Ìkookò

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!
— Àlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó fẹsẹ̀ kọ Ìyá Òkété. Òun ló bu omi fáwọn Ìkookò lọ́jọ́ tí wọ́n ti òkè òkun dé. Wọ́n mu ún tán, wọ́n gba ìlú, wọ́n mọ odi sórí òkè. Ẹ ò rí ìwà àlejò!

Ẹfọ̀n kọlù wọ́n, ó ṣubú. Ẹkùn kọlù wọ́n, kò padà wálé.

Ìyá Òkété ní, “Ẹ jẹ́ ká dó tì wọ́n.” Ó gbẹ́lẹ̀ títí, ó darí ìsun omi wọn gba ibòmíràn. Òùngbẹ lé Ìkookò jáde láìní ohun ìjà lọ́wọ́.

“Ẹ pa wọ́n!” làwọn ẹran ń ké.

Ìyá Òkété gbé igbá omi wá, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Omi àkọ́kọ́, omi ẹ káàbọ̀ ni,
— Tèrèrè!
Omi eléyìí, omi ó dàbọ̀ ni.
— Tèrèrè!