Àpótí Oòrùn Fátókun Káfíńtà

Káfíńtà ni Fátókun ní Ìdó-Àpáta, ìlú kan tó wà láàárín òkè méjì, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń mú tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ọmọdé á fi là. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ó lágídí: bí ó bá ti wọn pákó tán, kò sẹ́ni tó lè ní kó tún un wọ̀n.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Ṣíjúadé, ìyàwó rẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ní kí Fátókun máa fi omi gbígbóná jó o lójoojúmọ́, kí ara má baà gan. Ṣùgbọ́n igi ìdáná ti jìnnà sí ìlú, orúnkún Fátókun kò sì gba òkè mọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá rígi, Ṣíjúadé á máa gbọ̀n lórí ẹní, ọkọ rẹ̀ á sì jókòó tì í láìrí nǹkan kan ṣe.

Ibi tó ti ń ro èyí ló ti rántí pé rọ́bà dúdú tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà, bí ó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, omi tó máa kọ́kọ́ tú jáde nínú rẹ̀ lè bó èèyàn lọ́wọ́. Ó kan àpótí pẹlẹbẹ kan, ó to páìpù irin àlòkù sínú rẹ̀, ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú, ó sì yọ gíláàsì fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ fi bò ó lójú. Ó gbé àpótí náà sórí òrùlé níbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa. Ó fi àgbá omi sílẹ̀ nítorí pé ó wúwo, ó wá fi páìpù méjì so wọ́n pọ̀. Ó gbà pé omi á máa yípo láàárín wọn títí gbogbo rẹ̀ á fi gbóná.

Omi kò yípo. Páìpù orí òrùlé gbóná bí ààrò, ti inú àgbá tutù bí omi odò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Fátókun fi ń tú u tó tún ń kàn án, tó ń fọwọ́ ra páìpù lára lọ́sàn-án gangan, tó ń dá sọ̀rọ̀ lórí òrùlé. Ó yọ gíláàsì fèrèsé yàrá pẹ̀lú. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

Wúràọlá, ìyàwó Fálànà tó jẹ́ àbúrò Fátókun, ẹlẹ́kọ ni, agbo ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Lọ́jọ́ kan ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá náà, ó ní òun rò pé ibi tí wọ́n gbé e sí ni kò dára. Inú bí Fátókun. Ó ní kó lọ máa ro ẹ̀kọ rẹ̀, pé wọn kò tíì bí i nígbà tí òun ti ń kan òrùlé. Wúràọlá dìde, ó padà sídìí ààrò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni páìpù kan tú, tí ooru omi rú sí Fátókun lójú. Ó yọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ etí páànù. Gíláàsì kan já bọ́, ó sì fọ́ yángá lẹ́bàá ẹní tí wọ́n tẹ́ Ṣíjúadé sí lẹ́yìn ilé kó lè yá oòrùn. Nígbà tí Fálànà fi máa sáré dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń mì lókè, obìnrin tí kò lè gbé ẹsẹ̀ sì wà láàárín àfọ́kù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹbí fẹnu kò. Ní Sátidé, ọkọ̀ á gbé Fátókun lọ síbi tí wọ́n ti ń wo wèrè. Àwọn ẹ̀gbọ́n Ṣíjúadé á wá mú un lọ sí ìlú wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Fálànà wí, omi sì ń dà lójú rẹ̀, “ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú yín. Ẹ fẹ́ pa ara yín, ẹ sì fẹ́ pa ìyàwó yín mọ́ ọn.”

Fátókun yí ẹ̀yìn sí i. Ó wọlé tọ Ṣíjúadé lọ. Obìnrin náà fi ọwọ́ tó yè dì í lápá, ó tiraka títí ọ̀rọ̀ fi jáde lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ lọ… bèèrè.”

Láti ẹnu ọ̀nà Fátókun dé ìdí ààrò Wúràọlá kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀mejì ló yà padà kó tó débẹ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “ọ̀rọ̀ tí mo kọ̀ láti gbọ́ lọ́jọ́sí, jọ̀ọ́, tún un sọ fún mi.”

Wúràọlá mú un lọ sídìí ìkòkò omi ńlá kan tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iná tipẹ́, ó ní kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òkè omi náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti tutù.

“Òkè ni omi gbígbóná máa ń sá lọ, Baba,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ gbé oòrùn yín wá sísàlẹ̀, kí ẹ gbé àgbá lọ sókè. Omi á gùn ún fúnra rẹ̀.”

Ọjọ́ náà ni Fátókun kan pèpéle onígi gíga kan sẹ́yìn ilé. Wúràọlá pa ẹ̀kọ tì, ó ń na ìṣó sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọkọ rẹ̀ le. Wọ́n fa àgbá sókè, wọ́n fi ẹní àlòkù wé e, wọ́n tẹ́ àpótí sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi páìpù so táàpù kan mọ́ òkè àgbá. Oòrùn ti wọ̀ kí wọ́n tó parí. Kò sí bí wọ́n ṣe lè dán an wò.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ọyẹ́ bo ojú oòrùn pátápátá. Ọkọ̀ dé. Baba Fáṣọlá, olórí ẹbí, jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́rin, ẹrù Fátókun sì ti wà ní dídì. Fátókun bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí oòrùn yẹ̀ kúrò lágbedeméjì ọ̀run ná. Awakọ̀ ní ọ̀nà jìn. Wúràọlá bá kúnlẹ̀ síwájú Baba Fáṣọlá, kò sì dìde títí ó fi gbà.

Wọ́n ń dúró. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n ni ọyẹ́ tó ká, tí ìtànṣán oòrùn wá balẹ̀ sójú gíláàsì. Fátókun kò sún mọ́ ọn, ó kàn ki ọwọ́ bọ àárín itan. Òjìji pèpéle kúrú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Awakọ̀ ṣíná ọkọ̀. Fálànà wá di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

“Ìwọ fúnra rẹ ni kó ṣí táàpù náà,” ni Fátókun wí.

Fálànà ṣí i. Omi tútù ló jáde. Ó mi orí, ó na ọwọ́ láti tì í padà, ibẹ̀ ni omi ti yí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ kíá. Ooru ń rú nínú korobá.

Baba Fáṣọlá ti ìka bọ omi náà, ó wo Fátókun títí, ó sì bèèrè ẹni tó tún nǹkan náà ṣe.

“Agídí mi ló gbé e sórí òrùlé,” ni Fátókun dáhùn. “Ìyàwó Fálànà ló gbé e sọ̀kalẹ̀.”

Wọ́n ní kí awakọ̀ máa lọ. Fálànà fúnra rẹ̀ ló gbé korobá àkọ́kọ́ wọ yàrá, Wúràọlá sì fi omi náà jó Ṣíjúadé láti èjìká dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí Baba Fáṣọlá ṣe ń jáde lọ ló sọ ọ̀rọ̀ kan, àwọn tó gbọ́ ọ kò sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti di ohun tí àwọn àgbà ń pa lówe títí dòní pé, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.